Bí mo ṣe gba èékánná mi lọ́wọ́ eyín mi

Bárakú kan ni mo fẹ́ sọ bí mo ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀: èékánná ni mo máa ń jẹ. Kí n yáa tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí ìtàn ọtí tàbí ti tẹ́tẹ́. Láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń jẹ ẹ́, títí mo fi lọ́kọ, tí mo bí ìbejì, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tèmi n'Íbàdàn. Tí èékánná bá tán, màá bọ́ sórí awọ etí ìka, màá fi eyín wá ibi tó ti ń ṣí, màá fà á. Kì í ṣe pé ó dùn lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mi ò ní mọ̀ pé ọwọ́ mi ti wà lẹ́nu, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kan ahọ́n mi.

Ẹni tó bá ń jẹ èékánná mọ gbogbo ọgbọ́n ìfarapamọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ ń ka ṣéńjì fún oníbàárà, ẹ ti ká ìka yín sínú. Wọ́n ń ya fọ́tò lóde, ẹ ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn. Ní tèmi, àlùwàlá ló máa ń tú mi fó. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni omi ń kan egbò ìka mi. Ti Àsùbáà máa ń rọrùn torí egbò ti gbẹ mọ́jú, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di Àlàásárì, ojú egbò ti pọ̀ sí i, omi tútù á máa ta mí títí dé ìgúnpá.

Iṣẹ́ wa yìí náà kò gba ẹni tí kò léèékánná. Èékánná la fi ń tẹ ojú ibi tí a bá ṣẹ́ aṣọ sí kí áyọ́ọ̀nù tó dé e. Òun la fi ń ṣí bébà ẹ̀yìn gum stay, ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ inú aṣọ kó lè le. Òun la fi ń họ orí òwú tó bá há sínú bọ́bìnì. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ló ń bá mi ṣí bébà yẹn, èmi á sì máa díbọ́n pé mo fẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n ni.

Ohun tó já mi láyà gan-an ni léèsì funfun ìyàwó kan. Òru ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó ni, mò ń fọwọ́ gán òkúta wẹ́wẹ́ sí i lọ́rùn. Ìgbà tí mo gbé e síwájú iná, mo rí àmì pupa kan tí kò ju orí píìnì lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló gún mi. Itọ́ ẹni ló máa ń yọ ẹ̀jẹ̀ ẹni lára aṣọ, télọ̀ tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ̀ ọ́n: mo tutọ́ sára òwú funfun, mo ń fi tẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi lọ. Ìyàwó kò mọ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò yẹn náà ló wú lẹ́yìn náà, ó gba ọyún, ó ń ro mí débi pé ńṣe ni mo máa ń gbé ọwọ́ sókè sùn. Nọ́ọ̀sì tó bá mi tú u sọ pé kòkòrò ẹnu ló gba ojú egbò wọlé, pé awọ tó wà létí èékánná ni kì í jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà, èmi sì ń fi eyín ya á lójoojúmọ́. Ó fún mi ní kápúsù. Mi ò lè di sísọ́ọ̀sì mú fún ọjọ́ mélòó kan, iṣẹ́ àwọn èèyàn sì wà nílẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń ní kéèyàn ṣe, wọ́n ti ṣe é fún mi tàbí kí n ti ṣe é fúnra mi. Ní kékeré, màmá mi fún ewúro sí i. Ewúro ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó yá ó mọ́ mi lẹ́nu. Wọ́n fi ata sí i, mo fọwọ́ nu ojú, ojú ló jìyà rẹ̀. Tíṣà nà mí lórí ìka. Nígbà tí mo dàgbà, ẹnì kan ní kí n fi rọ́bà sọ́rùn ọwọ́, kí n máa fi ta ara mi tí mo bá ti jẹ ẹ́. Mo jẹ ẹ́ tán ni mò ń rántí rọ́bà. Ẹ ò rí i pé ìyà yẹn pẹ́ kó tó dé? Ọwọ́ kò rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀.

Mo tún lọ lẹ èékánná tí wọ́n ń tà. Mo mọ̀ pé kò bá àlùwàlá mu, torí omi kò ní kan èékánná tó wà lábẹ́, mo kàn ń sọ fún ara mi pé ìgbà díẹ̀ ni. Ó dára lójú, àwọn oníbàárà ń yìn ín. Kò pẹ́ tí eyín mi fi rí ẹ̀gbẹ́ ibi tí gọ́ọ̀mù ti ń tú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ike. Ìgbà tí ike ṣí tán, èékánná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ti rọ̀, ó wá rọrùn fún mi láti jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ààwẹ̀ ló kọ́kọ́ là mí lójú. Ohun tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé mì lọ́sàn-án ba ààwẹ̀ jẹ́, mo sì mọ ara mi, kì í ṣe pé mò ń tu èékánná dànù, mò ń gbé e mì ni. Torí náà, láti sààrì títí di ìṣínu, mi ò ki ọwọ́ bẹnu. Ọwọ́ á gbéra, á dé àgbọ̀n, á padà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ṣínu tán, tí mo jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, màá jẹ ti gbogbo ọ̀sán ní ìjókòó kan. Ọkọ mi ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ rí i pé ọwọ́ yẹn máa ń gbọ́ràn?"

Mo bínú sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé aláìlágbára ni mí, pé àwọn èèyàn tó kù ní nǹkan kan nínú tí Ọlọ́run kò fi sínú tèmi. Tí ọwọ́ kan náà bá wá lè gbọ́ràn láti Àsùbáà títí di Màgàríbà, a jẹ́ pé agbára kọ́ ló kù. Kí ló wà lọ́sàn-án tí kò sí lálẹ́? Lọ́sàn-án, òfin kan wà tó mọ ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí òun máa parí sí, gbogbo ilé ló sì ń pa á mọ́. Lálẹ́, "kí n má jẹ èékánná" kàn jẹ́ ohun tó wù mí. Ohun tó wuni kò tíì di òfin.

Oníbàárà mi kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tó máa ń wá ránṣọ nígbà ọdún, ló dárúkọ hypnosis fún mi, kéèyàn jẹ́ kí ọkàn rọ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo, kó wá máa fi ọ̀rọ̀ darí ara rẹ̀. Ó ní òun fi borí ẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tó sáré wá sí mi lọ́kàn ni gbètugbètu: kí ẹnì kan pàṣẹ fún ọ, kí o máa ṣe bó ṣe wí, kí o ti kó gbogbo owó ọjà fún un ní Dùgbẹ̀ kí ojú rẹ tó là. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ, wọ́n ní kí n má fi ọwọ́ ara mi fa wàhálà wọlé. Mo lọ bá àfáà wa. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹnì kan máa wà níbẹ̀ tí á máa darí rẹ?" Mo ní rárá, èmi nìkan ni. "Ṣé orúkọ kan wà tí wọ́n ní kó o máa pè?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ara mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, kí n ṣáà má fi jẹ àkókò ìrun.

Ohun tí mo kà lẹ́yìn náà fi mí lọ́kàn balẹ̀. James Braid, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1843. Ó máa ń ní kí èèyàn tẹjú mọ́ nǹkan dídán kan tí wọ́n gbé ga díẹ̀ ju ojú lọ, títí ìpéǹpéjú á fi wúwo. Ó kọ́kọ́ rò pé irú oorun kan ni. Nígbà tó yá, ó ní kì í ṣe oorun rárá, ọkàn tó rọ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo ni. Ó wá ọ̀nà láti yí orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́, orúkọ ti tàn kálẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lò ó fún ìrora ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe é dáadáa kò sùn, kò dákú, kò sì sí lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Tí ọmọ bá ké nínú yàrá kejì, èmi á gbọ́, màá dìde.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Émile Coué, apòògùn ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Nancy. Ó kọ́ àwọn èèyàn láti máa sọ fún ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, pé lójoojúmọ́ ni àwọn ń sàn sí i ní gbogbo ọ̀nà. Ó ní kí wọ́n ta kókó 20 sára okùn, kí wọ́n máa fi kà á. Tẹ̀sùbáà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà mi pàápàá kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn láàárọ̀ tí wọn ò bá tíì gbá orí wọn mú, kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ọjọ́ náà rí. Ohun tí mo mú lọ́wọ́ Coué jù lọ ni èyí: ó ní tí ìpinnu èèyàn àti ohun tó ń fọkàn rí bá forí gbárí, ohun tó ń fọkàn rí ló máa ń borí. Mo gbé e wo ara mi, ó bá mi mu. Ìpinnu mi ní kí n má jẹ ẹ́, àmọ́ nínú ọkàn mi, ẹni tó ń jẹ èékánná ni mò ń rí.

Mo bá wọ YouTube lọ. Ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lédè òyìnbó, òkun ń ru lẹ́yìn rẹ̀, ó ní kí n máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mábù kan. Orí ibùsùn ni mo ti ń gbọ́ ọ. Kí n má purọ́, mo sùn dáadáa láwọn àsìkò yẹn, ṣùgbọ́n mò ń jí, mò ń jẹ èékánná. Mi ò gun àtẹ̀gùn mábù rí láyé mi, ọkàn mi kò sì rí ibi kan dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ni mo bá kúrò lórí ibùsùn. Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, màá jókòó sórí àga tí kò ní tìmùtìmù, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí itan, fóònù ní yàrá mìíràn. Màá tẹjú mọ́ orí ìṣó kan tó wà lókè ògiri. Tí ojú bá ti ń ro mí, màá pa á dé, màá mí sínú, màá jẹ́ kí ìmí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Johannes Schultz, dókítà ọmọ Jámánì kan, ló gbé ọ̀nà tí mo ń gbà túra jáde nínú ìwé ní 1932: èèyàn á máa sọ fún ara rẹ̀ pé apá ọ̀tún òun wúwo, lẹ́yìn náà pé ó ń móoru. Mo sọ ọ́, mi ò rí nǹkan kan. Mo tún sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo rò pé ìranù ni. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n lára. Orí ìka ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa sọ kúlúkúlú níbẹ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ á tẹ itan mọ́lẹ̀. Ọwọ́ tí ń fò sẹ́nu ní gbogbo ìgbà, òun náà nìyí tó jókòó.

Ibi tí mo ti wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí mo fi sí i. Nígbà tí ara bá ti rọ̀ tán, màá sọ pé, "Mi ò ní jẹ èékánná mọ́. Mi ò ní jẹ èékánná mọ́." Ó wá burú sí i! Kò sí ìgbà tí èékánná kò sí lọ́kàn mi, àní nínú ọkọ̀. Nígbà tó yá ni mo ka nípa Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde ní 1987. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ má ronú nípa béárì funfun, kí wọ́n sì lu aago tó bá fi lè wá sí wọn lọ́kàn. Aago kò dákẹ́. Ìgbà tí wọ́n wá yọ̀ǹda fún wọn láti ronú nípa rẹ̀, wọ́n rò ó ju àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà á léèwọ̀ fún tẹ́lẹ̀ lọ. Èékánná ni béárì tèmi, èmi fúnra mi ni mo sì ń fi dandan pè é lálaalẹ́.

Mo bá pa ọ̀rọ̀ náà tì, mo dojú kọ ọwọ́. Mo lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i ní gbogbo ìgbà tí mo bá bá ọwọ́ mi lọ́nà ẹnu. Tó bá ti jẹ ẹ́ tán, màá fa ìlà náà. Mi ò bínú, mi ò sì bú ara mi, mo kàn ń fa ìlà. Bébà yẹn kọ́ mi ní nǹkan tí ewúro àti ẹgba kò kọ́ mi. Nígbà tí maṣíìnì bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ìlà kankan. Nígbà tí mo bá ń ṣírò owó aṣọ, ìlà pọ̀. Nígbà tí oníbàárà bá ń rojọ́ lórí fóònù, ìlà pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, tí a jókòó tí à ń retí kí wọ́n mú un dé, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ ẹ́ jù. Mo tún rí i pé kì í ṣe ẹnu ló ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò ló ń lọ ṣe amí. Á máa rìn lórí ìka mẹ́rin tó kù, á máa wá ibi tó bá ṣe gbágungbàgun. Tó bá ti rí ọ̀kan, ó parí. Ọwọ́ máa gòkè lọ tún un ṣe ni, eyín sì ni irinṣẹ́ tó wà nítòsí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà. Tí ẹ bá fẹ́ mú ohun kan nínú gbogbo èyí tí mò ń sọ, ẹ mú fáìlì èékánná, èyí tí wọ́n fi ń fá etí èékánná kó lè dán. Mo ra méjì, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan wà nínú báàgì. Mò ń fi òrí pa ìka láàárọ̀ àti lálẹ́ kí awọ etí rẹ̀ má baà gbẹ kó ṣí. Àtàǹpàkò á lọ ṣe amí rẹ̀, kò ní rí nǹkan kan mú bọ̀.

Nathan Azrin àti R. Gregory Nunn, àwọn onímọ̀ nípa ọkàn méjì ní Amẹ́ríkà, ti ṣe irú nǹkan yìí dáadáa jù mí lọ, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1973. Lójú tiwọn, kéèyàn kọ́kọ́ mọ ìgbà tí ọwọ́ gbéra, kó fún un ní iṣẹ́ mìíràn tí kò lè ṣe pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, bíi kó di ẹ̀ṣẹ́ tàbí kó di nǹkan mú fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, kí ẹnì kan tó sún mọ́ ọn sì máa rán an létí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ. Ó pẹlẹbẹ, kò wúwo, kò sì sẹ́ni tó máa bi télọ̀ pé kí ló ń fi ṣọ́ọ̀kì ṣe lọ́wọ́. Ọwọ́ bá gbéra, ó di ṣọ́ọ̀kì mú, mo fún un mọ́wọ́, mo ń bá ìṣirò mi lọ. Ìfẹ́ láti jẹ ẹ́ á ru sókè, á dé góńgó, á rọlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé tí mi ò bá jẹ ẹ́, ńṣe ni á máa ru sí i títí tí mi ò ní lè mí mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Ti ẹni tó máa ránni létí ló le. Èwo nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi ló máa sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Mà, ẹ yọwọ́ lẹ́nu"? Mo sọ fún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló dá ọgbọ́n sí i. Tó bá ti rí mi, á dìde láìsọ nǹkan kan, á fọwọ́ méjèèjì gbé ṣọ́ọ̀kì wá fún mi, á ní, "Mà, ṣọ́ọ̀kì yín." Oníbàárà á rò pé mo fẹ́ gé aṣọ ni. Àwọn tó kù bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yìí ni ìjókòó alẹ́ mi tó wá wúlò. Mi ò bá èékánná sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí apá bá ti wúwo, màá fọkàn rí ara mi ní ṣọ́ọ̀bù, iná ti lọ, ooru mú, fáànù dákẹ́, mò ń ṣírò owó àǹkárá. Màá jẹ́ kí àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Màá jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lórí itan. Lẹ́yìn náà màá rí i tó yà sọ́dọ̀ ṣọ́ọ̀kì, màá mọ ṣọ́ọ̀kì náà lára, ìyẹ̀fun rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́, etí rẹ̀ tó mú díẹ̀. Màá wá sọ ọ́ lédè Ìbàdàn wa, láìfi ẹwà kankan sí i: "Tí àtàǹpàkò bá ti ń wá nǹkan kiri, ọwọ́ mi á mú ṣọ́ọ̀kì." Màá sọ ọ́ léraléra, màá ka márùn-ún, màá lajú. Gbogbo rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo wá kà á lẹ́yìn náà pé Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ọkàn ọmọ Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1999 pé ìpinnu tó bá ní "tí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe" máa ń di ṣíṣe ju ìpinnu gbọọrọ lọ. Àṣé òfin ààwẹ̀ ni mo ń wá kiri.

Àwọn ohùn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ṣèlérí ọjọ́ 21. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Orí ọ̀rọ̀ Maxwell Maltz ni wọ́n gbé e lé, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Amẹ́ríkà, tó sọ ní 1960 pé ó máa ń tó bí ọjọ́ 21, ó kéré tán, kí ojú tuntun tó mọ́ aláìsàn lára. Kò sọ̀rọ̀ èékánná níbẹ̀. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tọpa èèyàn 96 tó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan tuntun di bárakú, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2010: tí a bá mú un láàárín, ọjọ́ 66 ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 18 dé 254 ni ó nà dé láàárín ẹnì kan sí èkejì. Wọ́n sì rí i pé ẹni tó bá fo ọjọ́ kan kò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Èyí ló gbà mí nígbà Iléyá. Ẹ mọ bí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣe máa ń rí tí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan: aṣọ dé àjà, kò sóorun, gbogbo èèyàn ń pariwo. Mi ò jókòó lálẹ́, fáìlì sọnù sábẹ́ aṣọ, mo jẹ ìka mẹ́ta dé ẹran. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mi ò bá sọ pé ó ti bàjẹ́, mi ò bá jẹ méje tó kù. Mo fá ibi tó ṣe gbágungbàgun, mo fi òrí pa á, mo wá ṣọ́ọ̀kì.

Èékánná kì í yára hù. Bíi mìlímítà mẹ́ta ló ń hù lóṣù, ó sì máa ń tó oṣù mẹ́fà kí ti ọwọ́ tó tún ara rẹ̀ hù látìdí dé orí. Torí náà, ẹ má fi ojú èékánná wọn ara yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Àlùwàlá ni mo fi ń wọn tèmi: Àlàásárì kan dé tí omi kò ta mí mọ́. Ti àtàǹpàkò tó gba ọyún yẹn hù padà pẹ̀lú ìlà kan láàárín, kò sì tíì lọ.

Mo ní láti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń dàrú, kí ó má jókòó sínú òkùnkùn máa ṣe irú èyí fúnra rẹ̀. Kò sì yẹ kéèyàn máa ṣe é nídìí ọkọ̀ tàbí nídìí maṣíìnì. Ẹlòmíràn wà tó ń fa irun orí rẹ̀ tu, tàbí tó ń ya awọ ara rẹ̀ títí ó fi ń dá egbò sí i. Àìsàn ni ìyẹn, ó ní dókítà tirẹ̀. A máa ń bẹ̀rù orúkọ Arò ní Abẹ́òkúta débi pé a ti sọ ọ́ di èébú, bẹ́ẹ̀ àwọn dókítà tó mọ ọ̀rọ̀ ọkàn ló wà níbẹ̀, wọ́n sì wà ní UCH n'Íbàdàn níbí.

Àbúrò mi ọkùnrin ń fa sìgá. Ó rí ọwọ́ mi nígbà ọdún, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fún mi ní tèmi náà." Mo sọ òótọ́ fún un. Sìgá yàtọ̀, nikotíìnì tó wà nínú rẹ̀ ti wọ inú ara, ara fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè. Àwọn tó kó ìwádìí 14 jọ lórí hypnosis àti sìgá nínú àyẹ̀wò Cochrane, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ìṣègùn, ní 2019 kò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó ju àwọn ọ̀nà mìíràn lọ. Mo ní kó lọ rí dókítà fún oògùn tó máa ń ran ara lọ́wọ́, kó wá fi ìjókòó alẹ́ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun máa lọ, ṣùgbọ́n kí n ṣáà ká ohùn mi sórí fóònù fún òun. Mo kọ̀. Mi ò mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbéra. Òun ló mọ ìgbà tó máa ń fa àkọ́kọ́ lóòjọ́, ẹni tí wọ́n jọ máa ń fà á, àpò tí ìṣáná wà. Mo ní kó fi ohùn ara rẹ̀ ká a. Ó lọ ká a lóòótọ́, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ. Ó sọ "mi ò ní fa sìgá mọ́" nínú rẹ̀ léraléra. Òun náà ti gbọ́ ọ, ó ní ohùn òun dà bíi ti ẹni tó ń polówó àgbo nínú mólúè. Mo ní kó tún un ká, kó yọ sìgá kúrò níbẹ̀, kó sọ ohun tí ọwọ́ máa ṣe.